Iná Tí Múrẹ́ẹ̀nì Kò Dá

Ẹni tó bá ti dúró rí létí adágún Michigan ní oṣù kejì ọdún, tí ẹ̀fúùfù ń fọ́n yìnyín lù ú lójú bí ẹni ń fọ́n yanrìn, ó ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdajì tó kù ni ogun.

Ilé Alhaji Jìbírílù ní Hazel Crest ni mo ti kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín dí ọ̀nà, tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ padà sí Park Forest. Salihat, ìyàwó Alhaji, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní kí n sọ nǹkan tí yóò mú òun gbàgbé shift òun. Mo ní ìtàn ogun nìkan ló wà lẹ́nu mi.

"Ogun dáa," ó ní, "as long as kì í ṣe ogun ẹbí. That one, mo ti ní tèmi."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ogun ẹbí gan-an ni.

Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Skọ́tílándì, níbi tí òkun ti jẹ etí ilẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ etí aṣọ, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Rúárì. Òun ni Olú Fárásà, àwọn erékùṣù tó yí Fárásà ká sì ń sìn ín. Èdè Gẹ́lì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọba kan wà lórí ilẹ̀ ńlá tó ń pe gbogbo wọn ní ènìyàn òun, ṣùgbọ́n omi wà láàárín, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ lórí omi ni ọba. Rúárì ní ọkọ̀. Bí akéwì rẹ̀ bá ń kì í, báyìí ni ó ń wí:

Rúárì ọmọ Sọ́lì,
Ọmọ a-gun-ìgbì-bí-ẹni-gẹṣin,
Ọmọ ìjì jà, òpó ilé wọn kò mì.
Ó fi àjẹ̀ kọ orúkọ sára omi,
Omi kò rí i pa rẹ́.

Àṣà kan wà nílẹ̀ wọn. Olóyè kì í tọ́ ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá ti bí i, wọ́n á gbé e fún ìdílé mìíràn, kí obìnrin ibẹ̀ fún un lọ́mú, kí ọkùnrin ibẹ̀ sì kọ́ ọ ní idà àti àjẹ̀, títí tí yóò fi tó ọkùnrin. Báyìí ni wọ́n ṣe ń so ilé mọ́ ilé, bí a ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Ilé Múrẹ́ẹ̀nì ní Lókàrà ni wọ́n gbé Rúárì lọ. Múrẹ́ẹ̀nì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin tirẹ̀ ni, Yógàn. Ó gbé Yógàn sí ọmú ọ̀tún, ó gbé Rúárì sí ọmú òsì. Àwo kan ni àwọn méjèèjì jẹun nínú rẹ̀, awọ màlúù kan ni wọ́n fi bora.

"Wait, wait," Salihat ní. "Ó mu ọmú ìyá ẹ̀? Like, ọmú gan-an?"

"Ọmú gan-an."

"Ah, ó parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, they are siblings. Wọn ò lè fẹ́ ọmọ ara wọn, wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò bá ara wọn tan. Finish."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ara ẹbí, wàrà ni ọkàn rẹ̀."

"Then kí ló wá sọ ọ́ di ogun?"

"Salihat," Alhaji ní, "jẹ́ kó débẹ̀ now."

Mo débẹ̀. Nígbà tí ọba orí ilẹ̀ ńlá pinnu láti fi ogun kó àwọn erékùṣù, ó nílò èbúté tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti sinmi. Lókàrà ló sún mọ́ ọn jù. Yógàn ti di olórí ibẹ̀ nígbà náà, bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù ba Yógàn. Ó wo ọkọ̀ ọba, ó wo ìlú tirẹ̀ tí kò ju ọwọ́ lọ, ó sì ṣí èbúté fún wọn. Rúárì rán àbúrò rẹ̀, Kalúmù, ọmọ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, kí ó lọ bi Yógàn pé kí ló dé. Àwọn ọmọ ogun ọba pa Kalúmù lórí afárá èbúté. Àwọn kan sọ pé kì í ṣe ọwọ́ Yógàn ló lu ìlù ikú náà. Èbúté rẹ̀ ni ṣáá. Ìgbòkun ọkọ̀ Kalúmù ni wọ́n fi di òkú rẹ̀ wálé.

Rúárì lọ sí ilé Ọlọ́run ní Fárásà. Agogo ẹni mímọ́ tó mú ìhìnrere wá sí erékùṣù wọn ń bẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án àfi fún ìbúra. Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Ó ní irin kankan kò ní kan irun orí òun títí òun yóò fi gba ẹ̀mí Yógàn dípò ẹ̀mí Kalúmù. Tọ́kúìlì, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ balógun, gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àmín, kí èmi náà kú bí kò bá rí bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó bá ti ka ìwé Àwọn Onídàájọ́ yóò rántí Jẹfta, tó ya ẹnu rẹ̀ sí Olúwa kí ó tó ronú ẹni tí yóò jáde wá pàdé rẹ̀. Ẹnu tí ọ̀fọ̀ là ṣòro láti pa dé.

Àwọn ọkọ̀ ọba ti padà lọ fún ìgbà òtútù. Rúárì kó ọkọ̀ tirẹ̀, ó sàga ti Lókàrà.

Odi Lókàrà wà lórí àpáta kan ní ẹnu apá òkun gígùn kan tó wọ inú ilẹ̀. Iwájú rẹ̀ kọjú sí òkun ńlá, ògiri ibẹ̀ ga, ó sì le. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí omi inú, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹja, tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn yìí kò ga, nítorí kò sí ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà débẹ̀ láìkọjá lábẹ́ òkúta àwọn tó wà lórí odi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rúárì gbìyànjú láti kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkúta fọ́ ọkọ̀, tí omi sì gbé ènìyàn lọ.

Lẹ́yìn èkejì, Yógàn jáde sórí odi. Ọkùnrin pupa, oníjàgídíjàgan, tó fẹ́ràn àríwo láti kékeré.

"Rúárì! Ṣé ìwọ nìyẹn, àbí ewúrẹ́ kan ló jí ẹ̀wù Olú wọ̀? Irun wo rèé?"

Àwọn ọmọ ogun orí odi bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ewúrẹ́.

Rúárì kígbe padà láti inú ọkọ̀. "Irun tí yóò gé lọ́jọ́ tí ọrùn rẹ bá gé ni!"

"Ta ló kọ́ ọ ní àjẹ̀? Gbogbo ènìyàn, ẹ gbọ́! Lọ́jọ́ tí Olú yín kọ́kọ́ jókòó sórí pákó ọkọ̀, iwájú ló kọjú sí, bí ẹni ń lọ jẹ àsè! Èmi ni mo fà á létí yí i padà. Mo ní, ọ̀dẹ̀, ibi tí atukọ̀ ti ń bọ̀ ló ń wò, kì í wo ibi tó ń lọ!"

Àwọn tirẹ̀ tún rẹ́rìn-ín, kódà àwọn kan nínú ọkọ̀ Rúárì fi ọwọ́ bo ẹnu. Òótọ́ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wakọ̀ níbẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀, ojú wọn á wà ní èbúté tí wọ́n fi sílẹ̀.

"Kalúmù náà mọ àjẹ̀ í wà," Rúárì ní. "Òkú lo fi ránṣẹ́ padà sí mi."

Yógàn ní, "Mo sọ fún un pé kó má gúnlẹ̀."

"Ó gúnlẹ̀ nítorí ó rò pé ilé ló wá!"

Yógàn gbé òkúta kan, ó jù ú. Kò kan ọkọ̀, omi ló gbé e mì.

Ìgbìmọ̀ ogun jókòó nínú àgọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹja gbígbẹ ti ń tán. Ẹ̀fúùfù ti ń yí padà, bí ó bá sì yí tán, àwọn ọkọ̀ ọba yóò dé láti ilẹ̀ ńlá, àwọn tó sàga yóò sì di àwọn tí a sàga tì. Ojú gbogbo wọn korò. Olórí kan ní kí wọ́n padà sílé. Tọ́kúìlì tu itọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwọ lọ sílé. Kó o lọ gba ọmú lọ́wọ́ ìyàwó rẹ."

"Tọ́kúìlì, bí kì í bá ṣe pé mo bọ̀wọ̀ fún irun funfun rẹ—"

"Má bọ̀wọ̀ fún un. Wá fà á tu."

"Ẹ jókòó," Rúárì ní. Ó fi ìka fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀. "Omi inú tó wà lẹ́yìn odi rèé. Òkun ńlá rèé. Níbí yìí, ilẹ̀ tó pín wọn níyà kò fẹ̀ rárá, ó rí bí ọrùn. A ó gbé ọkọ̀ gba orí ọrùn ilẹ̀ yìí kọjá. Àárọ̀ kùtù, nínú ìkùukùu, a ó bọ́ sínú omi ẹ̀yìn wọn."

Tọ́kúìlì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n arúgbó obìnrin kan ń gbé lórí ọrùn ilẹ̀ yẹn, nínú ilé ìdarandaran. Òkìtì igi gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá dá iná sí i, Yógàn yóò ti dúró dè wá létí omi, wọn ó sì máa gún wa bí ẹja inú agbọ̀n."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o mọ arúgbó náà?"

"Ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, bàbá mi."

"Ọ̀bẹ kan ti tó fún un. Mo ní ọmọkùnrin méjì tí ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n."

"Èmi ni n ó lọ."

"Ìwọ ni o ó pa á?"

"N ó lọ, mo ní."

Tọ́kúìlì mú àáké rẹ̀, ó dìde.

Sáàmù sọ nípa àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ni ó ń gòkè kúrò nínú òkun. Wọ́n tú òpó ìgbòkun sílẹ̀, wọ́n to ìtì igi sórí koríko, wọ́n fi òróró ẹja pa á kí ó lè yọ̀. Wọ́n so okùn mọ́ imú ọkọ̀, àwọn ọkùnrin sì fi àyà lé okùn. Òtútù náà le débi pé okùn ń bó awọ ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá wúkọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fi ẹ̀wù di í lẹ́nu. Igi ń ké lábẹ́ ọkọ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí ìyẹn. Gbogbo wọn ń gbójú sókè wo ilé kékeré orí òkè, wọ́n ń retí iná.

Rúárì nìkan gun òkè lọ. Tọ́kúìlì dúró nísàlẹ̀, ó di àáké mú.

Múrẹ́ẹ̀nì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, lábẹ́ ìbòrí òrùlé. Ó ti rù. Òkìtì igi náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi awọ màlúù bò ó kí ìrì má bàa mú un. Ìkòkò ẹyín iná wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá."

"Rúárì." Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Irun rẹ ti gùn ju bó ṣe yẹ ọkùnrin lọ."

"Ẹ mọ ìdí rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń gbọ́ igi tí ẹ ń yí ọkọ̀ lé láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn, nígbà tí ẹ gbé ọkọ̀ ẹja kọjá níhìn-ín, tí ẹsẹ̀ rẹ há."

"Òun ni."

"Ó kọ́ Yógàn náà. Yógàn rò pé o ti gbàgbé."

Rúárì wo ìkòkò náà. "Kí ló dé tí ẹ kò tíì dá iná?"

"Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò rán wá pa mí. Ká ní Tọ́kúìlì ni, iná ti ń jó tipẹ́. Ìwọ lo wá." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àwo igi kan tó kún fún wàrà. "Gbà. Ara màlúù Yógàn ni mo ti fún wàrà yìí. Òrùlé Yógàn lo dúró sí lábẹ́. O mọ òfin."

Rúárì mọ òfin. Ọmọ kékeré ilẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mu wàrà ẹni kan lábẹ́ òrùlé ẹni náà kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ títí ayé. Ẹni tó bá rú u, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e, kò sí àlùfáà tí yóò sin ín. Nítorí náà ni ọmọ ogun kì í fi gba omi tútù pàápàá nínú ilé ọ̀tá, bí òùngbẹ tilẹ̀ fẹ́ pa á.

"Bí o bá mu ún," Múrẹ́ẹ̀nì ní, "n ó da omi sí iná yìí, n ó sì jókòó. Odi á di tìrẹ, ọmọ mi á sì yè. Bí o kò bá mu ún, tètè pa mí, nítorí ọwọ́ mi kò jìnnà sí ìkòkò."

"Ìyá, mo ti búra lórí agogo."

"Èmi náà ti fún ọ lọ́mú. Èwo ló ṣáájú?"

"Kalúmù ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ga. Nísàlẹ̀, ẹnìkan gbé orí sókè. "Ẹ kò ní sọ nǹkan kan nípa Kalúmù?"

"Mo sunkún Kalúmù. Ohun tí Yógàn ṣe kò dára, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o fẹ́ràn rẹ̀. Kórìíra rẹ̀ títí o ó fi kú, bó bá wù ọ́. Má ṣáà ti pa á."

"Má mu ún o!" Salihat ní. Ó ti gbàgbé tíì rẹ̀ lọ́wọ́. "Trap ni."

"Kó mu ún jàre," Alhaji ní. "Mama yẹn gbìyànjú."

Rúárì wo ìsàlẹ̀. Ó rí àwọn ọkùnrin rẹ̀ lórí okùn, ọmọ ẹni tó mọ̀, àbúrò ẹni tó mọ̀, èémí wọn ń rú bí èéfín. Ó rí Tọ́kúìlì àti àáké. Ó gba àwo náà, ó mu ún láìdúró mí, bí ẹni ń mu egbòogi. Wàrà náà tutù, ó ní òórùn koríko òkè náà. Ó dá àwo padà fún un.

Múrẹ́ẹ̀nì da omi sínú ìkòkò. Ẹyín iná náà ké, ó kú.

Ogun náà kò pẹ́. Ìkùukùu bo omi inú, àwọn ọkọ̀ sì jáde láti inú rẹ̀ bí ẹran omi, síbi tí ọkọ̀ ọ̀tá kankan kò dé rí. Oorun ni wọ́n bá púpọ̀ nínú àwọn ará odi. Àwọn tó jí jà dáadáa létí ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì kú síbẹ̀. Kí oòrùn tó jó ìkùukùu tán, wọ́n ti fa Yógàn wá sí àgbàlá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ṣì ń bú gbogbo ènìyàn.

Tọ́kúìlì yí ìtì igi kan wá sáàárín àgbàlá. Ó gbé àáké lé Rúárì lọ́wọ́.

"Rúárì ọmọ Sọ́lì, ọmọ a-gun-ìgbì-bí-ẹni-gẹṣin. Kalúmù ń wò ọ́."

Rúárì gbé àáké náà sílẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè fún gbogbo wọn, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì gbé e lé ẹlòmíràn lórí.

"Wàrà," Tọ́kúìlì ní. Ó tún un sọ. "Wàrà! Esau ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí òkèlè kan. Ó kéré tán, ebi ń pa Esau! Ìwọ ta ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ fún ohun tí ọmọ ọwọ́ ń mu!"

"Bàbá mi, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Àwọn ọmọkùnrin yín méjèèjì dúró síbẹ̀. Ká ní iná yẹn jó ni, létí omi ni ẹ ì bá ti máa wá òkú wọn."

"N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dá wọn sí! Wọ́n bá ọ wá láti kú fún ìbúra!" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ hàn án. "Ọwọ́ yìí wà lórí ọwọ́ rẹ lórí agogo. Kí ni n ó sọ fún Ọlọ́run?"

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni. Irun yìí kò ní gé mọ́ títí n ó fi wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé mo jẹ́jẹ̀ẹ́, n kò sì san án."

"Kò tó." Tọ́kúìlì mú àáké rẹ̀. "Láti òní lọ, bí o bá fun fèrè ogun, má wo ojú omi pé o ó rí ọkọ̀ mi." Ó jáde, àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ogun Fárásà.

Yógàn ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ta ló fún ọ ní wàrà?"

"Ìyá wa."

"Ìyá mi." Ó gbìyànjú láti dìde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà. "Láràárọ̀ ni mo ń wo òkè yẹn. Mo sọ fún àwọn ọmọ ogun mi pé kí wọ́n lọ sùn, nítorí ìyá mi kò sùn. Kí wọ́n lọ sùn, mo ní!" Ó wo àwọn òkú tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Gbé àáké. Ṣe ohun tí o wá ṣe."

"N kò lè ṣe é."

"N kò tọrọ ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ọmọ ojo!"

"Mo mọ̀. Bí mo bá tún rí ọ ní ilẹ̀ yìí, ẹlòmíràn tí kò mu wàrà ni n ó ní kó pa ọ́. Ọkọ̀ kan ń lọ sí Ireland lónìí. Wọ inú rẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n ń mú Yógàn lọ sí etí omi ni Múrẹ́ẹ̀nì dé. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó mú aṣọ òtútù kan lọ́wọ́. Ó pe orúkọ rẹ̀. Yógàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Ó tún pè é. Yógàn wọ ọkọ̀. Ó jókòó síwájú pátápátá, bí ẹrù, ó kọ àjẹ̀ tí wọ́n nà sí i, ó sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́. Múrẹ́ẹ̀nì ká aṣọ òtútù náà sábẹ́ apá. Ó lọ síbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dáná, ó wa ẹyín iná sínú ìkòkò rẹ̀, ó sì tún gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń wò ó kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe títí ó fi ká awọ màlúù kúrò lórí òkìtì igi náà. Igi náà gbẹ dáadáa. Iná náà ga ju ilé rẹ̀ lọ, ó sọ gbogbo ojú omi di pupa.

Etíkun dàrú. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí dún láti erékùṣù dé erékùṣù pé ogun dé. Àwọn ọkọ̀ Tọ́kúìlì tó ti jìnnà dúró lójú omi, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n padà. Àwọn ọmọ ogun Rúárì gbé garawa omi, wọ́n ń sáré lọ sí òkè.

"Ẹ padà," Rúárì ní. Ẹ̀fúùfù ń gbé irun rẹ̀ bò ó lójú. "Ẹ jẹ́ kó jó. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè."

Salihat ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ní ìta, ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kọjá lójú pópó, Salihat kò sì yíjú wò ó.

"Yógàn ńkọ́?" ó ní. "Did he look back?"

Àwọn atukọ̀ ló kọ́kọ́ rí iná náà, nítorí ẹ̀yìn ni ojú tiwọn wà. Yógàn rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ojú wọn, lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì yí ọrùn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ báyìí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fọwọ́ kan èjìká ọ̀kan nínú wọn pé kó sún, ó jókòó sórí pákó, ó sì gba àjẹ̀.